Tíréè Méje Lẹ́yìn Fíríìjì

Tíréè méje ló wà lẹ́yìn fíríìjì mi. Lánàá ni mo kà wọ́n, nígbà tí mò ń wá tọ́ọ̀ṣì tó bọ́ síbẹ̀. Márùn-ún nínú wọn ló ní fọ́tò òkú lára. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹ̀rù bà yín. Kò sí ẹni tó ń gbé Òṣogbo, tó sì ń lọ òde òkú, tí kò ní irú rẹ̀ nílé. Tíréè oníke ni. Màmá arúgbó kan á wé gèlè aṣọ òkè sínú fọ́tò, wọ́n á kọ "Ó dìgbà o, Màmá Rere" sí i lókè, wọ́n á wá to orúkọ àwọn ọmọ tó ṣe òkú náà sí ìsàlẹ̀, àfi bíi pé àwọn ni wọ́n rọ tíréè ọ̀hún. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí n kò mọ màmá inú rẹ̀ rí. Ẹni tó ní òde ni mo mọ̀, àbí ọ̀rẹ́ ẹni tó ní òde. Síbẹ̀, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gbé ìrẹsì lé màmá yẹn lójú fún àwọn àlejò.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò bàbá mi wá kí wa láti Ìkìrun. Mo bu ìrẹsì fún wọn, mo bu ọbẹ̀ sọ́tọ̀, mo gbé e lé tíréè, mo kúnlẹ̀ gbé e síwájú wọn. Wọ́n jẹ ẹ́ dé ìdajì, wọ́n gbé àwo ọbẹ̀ sókè láti rọ èyí tó kù sórí ìrẹsì, ni wọ́n bá rí ojú tó ń wò wọ́n.

"Ta nìyí?"

"Bàbá Ìkìrun, n ò mọ̀ wọ́n o."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo tíréè. Wọ́n ṣàdúà fún òkú náà pé kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n kó gbogbo àwo kúrò lórí tíréè, wọ́n tò ó sórí ilẹ̀, wọ́n sì ń bá oúnjẹ wọn lọ. Wọ́n ní àwọn ò lè máa gbé ọbẹ̀ gbígbóná lé àgbàlagbà lójú, ì báà jẹ́ fọ́tò.

Ojú tì mí débi pé n kò lè bẹ̀bẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ọ̀rọ̀ tíréè, ohun tí n kò rò rí látọjọ́ tí mo ti ń gbé e.

N kò rò ó rí torí pé màmá mi ti bá mi rò ó tán láti kékeré. Nílé wa, ẹnì kan kì í fi ọwọ́ lásán gbé omi fún àlejò. Bó jẹ́ ọmọ ilé kejì ló sáré wọlé wá tọrọ iyọ̀, tó bá ti lóùngbẹ ń gbẹ òun, orí tíréè ni kọ́ọ̀bù omi rẹ̀ máa bá wá. Tíréè yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ju àwo ìjẹun lọ: páànù funfun, etí rẹ̀ búlúù, òdòdó pupa mẹ́ta lára rẹ̀. Ó ti ha níbi méjì, ibi tó ha sì ti dúdú. Mo ṣì ń gbọ́ bí kọ́ọ̀bù ṣe máa ń gbọ̀n lórí rẹ̀, wóro wóro, tí mo bá ń bọ̀ láti kíṣìnì, tí mo tẹjú mọ́ omi tí n kò wo iwájú.

Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Ẹni tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá mọ ohun tójú mi ti rí. Wọ́n ti kó mi níkòó lórí, wọ́n ti gbá mi létí, torí pé mo na nǹkan sí àgbà lọ́wọ́ òsì láìfura. Ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì la fi ń gbé tíréè. Tí mo bá ti dì í mú lọ́tùn-ún lósì, tí mo kúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọwọ́ báyìí ni mo fi fún òun. Mo dàgbà kí n tó máa rò ó pé bóyá nítorí tèmi gan-an ni màmá mi ṣe ṣe òfin yẹn. Mo bi wọ́n lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní rárá o, pé ọmọdé máa ń ti ìka bọ omi ni àwọn ṣe ṣe é. N kò gbà wọ́n gbọ́ tán.

Orúkọ nìkan la yá lọ́wọ́ òyìnbó. Nǹkan tí tíréè ń ṣe ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́. Àtẹ wà, òun la fi ń gbé ọjà síta, ibẹ̀ la ti ń sọ pé ẹnì kan pàtẹ. Igbá wà, àwọn ará Ọ̀yọ́ sì ń fín in títí dòní. Ọpọ́n náà wà, ọpọ́n ayò, ọpọ́n Ifá. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọpọ́n Ifá, torí òun ló tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ fún mi. Ọ̀kan wà ní musíọ́mù ìlú Ulm ní Jámánì. Ó ti dé ọwọ́ wọn kí ọdún 1659 tó pé, ó sì wà lára ọpọ́n Ifá tó pẹ́ jù lọ tó ṣì wà nípamọ́. Mo rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù, mo sì fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kún ojú fóònù. Gbogbo etí rẹ̀ ló kún fún iṣẹ́ ọnà: ojú Èṣù, èèyàn, ẹranko, wọ́n fún mọ́ra bí èrò inú danfó. Àárín rẹ̀ ló wá dákẹ́. Kò sí bí kò ṣe ní dákẹ́, torí ibẹ̀ ni babaláwo máa da ìyẹ̀rosùn sí tó máa fi ìka tẹ odù. Ibi tí òkè àti kòtò bá wà, odù ò lè hàn níbẹ̀.

Ọ̀ṣọ́ sí etí, iṣẹ́ sí àárín. Ẹni tó gbẹ́ ọpọ́n yẹn ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn ti mọ ohun tí ẹni tó ń lẹ fọ́tò màmá olóògbé mọ́ àárín tíréè oníke kò tíì mọ̀.

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Bàbá Ìkìrun ni àbúrò mi obìnrin fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ilé mi la sì ti fẹ́ gba àwọn àna lálejò. Mo ní kò sí bí wọ́n ṣe máa fi tíréè olókùú gbé mínírà fún àna wa. Mo lọ bá agbẹ́gilére kan lójú ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun, mo ra tíréè igi tí wọ́n gbẹ́ ìjàpá ńlá sí láàárín, tí ẹja yí i ká. Ó rẹwà. N kò ní purọ́, ó rẹwà gan-an. Igi rẹ̀ pupa bí epo tuntun, fáníìṣì rẹ̀ sì ń dán débi pé mo rí eyín ara mi nínú rẹ̀.

Nígbà tó dọjọ́ náà, mo to kọ́ọ̀bù dígí mẹ́jọ sí i. Mẹ́rin jókòó dáadáa sórí àwọn ẹja. Méjì gun ẹsẹ̀ ìjàpá. Méjì tó kù gun ẹ̀yìn ìjàpá fúnra rẹ̀, wọ́n ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí èrò tó gun rákúnmí. Mo rọra gbé e, mo rọra ń rìn, mo dé ẹnu ọ̀nà tó ti kíṣìnì wọ pálọ̀. Tíréè ò gba ibẹ̀ kọjá. N kò wọn ẹnu ọ̀nà, n kò wọn tíréè. Ojú ni mo fi wo méjèèjì, mo ní wọ́n á ṣe déédéé ara wọn. Ó fi ìka méjì péré jù ú lọ. Àwọn àna ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n. Ẹni tó ní làákàyè máa padà sẹ́yìn, á gbé e kalẹ̀, á máa kó kọ́ọ̀bù ní méjì méjì. Èmi ní kí n dá tíréè sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀. Díẹ̀ báyìí.

Ìjàpá ló kọ́kọ́ ju tirẹ̀ sílẹ̀.

Màmá àgbà kan nínú àwọn àna ló gbà mí lójú ẹ̀sín. Kọ́ọ̀bù mẹ́ta ti fọ́, mínírà ti ṣàn dé etí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá na ọwọ́ sókè: "Ilẹ̀ ti mu o! Ẹ̀rọ̀ ni ìgbéyàwó yìí máa jẹ́ fún wa." Gbogbo ilé dáhùn pé àṣẹ. Ìgbéyàwó náà sì wà dáadáa títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bá mi dúpẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn fíríìjì ni ìjàpá ń gbé. Òun ni ìkẹfà. Ìkeje ni tíréè páànù màmá mi, tó ti ha jù fún oúnjẹ, tí n kò sì lè jù nù.

Téèpù ìwọ̀n wà nínú báàgì mi báyìí tí mo bá ń lọ sọ́jà. Tí mo bá dé Ìgbọ̀nà tàbí Ọjà Ọba, àwọn tó ń tajà ilé máa ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ṣé mo ti di télọ̀ ni. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Tíréè iṣẹ́ mi kì í ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ ní gígùn, pẹ̀lú etí tí a fi ń gbé e, torí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wọn inú tíréè, wọ́n á gbàgbé pé etí náà máa gba ẹnu ọ̀nà kọjá. Irú rẹ̀ gba kọ́ọ̀bù mẹ́fà, ìgbọ̀nwọ́ mi kì í sì í gbá ògiri. Mo tún fẹ́ kí ògiri tíréè ga tó ìka méjì, kí kọ́ọ̀bù tó bá yọ̀ lè rí nǹkan fẹ̀yìn tì. Ihò tí ọwọ́ lè wọ̀ ló sì dára ju irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kàn mọ́ etí, torí irin yẹn máa ń ge ìka lọ́jọ́ tí ẹrù bá wúwo. Kí n tó sanwó, mo máa ń bẹ ẹni tó ń tà á kó bá mi to ìgò omi mẹ́fà sí i, kí n gbé e wò. Tíréè igi tó fúyẹ́ lófìfo lè fẹ́ já èèyàn lápá tó bá gba ẹrù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nílé, káfíńtà àdúgbò ló bá mi kàn án. Ìyá ìyá mi fi adìrẹ ẹlẹ́kọ kan sílẹ̀, Ìbàdàndùn ni orúkọ ọnà rẹ̀, òpó gbọ̀ngán Màpó ìlú Ìbàdàn wà lára rẹ̀, ó ti gbó, etí rẹ̀ ti ya, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ṣì dúdú mìnìjọ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á ro ẹ̀kọ láfún, wọ́n á fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sára aṣọ funfun, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní ráyè wọ̀ ọ́ dáadáa. Èèyàn á jókòó ti aṣọ kan fún ọjọ́ mélòó kan, ìyẹ́ lọ́wọ́. Mo gé ibi tó dára nínú rẹ̀, káfíńtà tẹ́ ẹ sínú férémù igi, ó fi dígí bò ó. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé Ìbàdàndùn sílé ní Òṣogbo ìlú aró. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó mọ adìrẹ kì í jẹ́ kí n sinmi lórí ìyẹn.

Ẹ óò ní mo ti rú òfin ara mi, pé ọ̀ṣọ́ tún ti wà láàárín. Abẹ́ dígí ló wà, ojú rẹ̀ tẹ́jú. Àṣìṣe tí a ṣe níbẹ̀ yàtọ̀. Káfíńtà kò fi góòmù dí etí dígí yíká nígbà àkọ́kọ́, omi sóbò sì yọ́ wọlé. Àbàwọ́n pupa kan wà níbẹ̀ di òní, ó tó ojú ìka àtàǹpàkò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó gbọ̀ngán Màpó. A tú u, a dí i dáadáa, àbàwọ́n ò lọ. Dígí sì ń yọ̀. Aṣọ ìnuwọ́ kékeré tí mo bu omi díẹ̀ sí, tí mo fún gbẹ, ni mo máa ń tẹ́ sórí rẹ̀ kí n tó gbé kọ́ọ̀bù lé e. Kọ́ọ̀bù kì í kúrò lójú kan lórí aṣọ tó lómi díẹ̀.

Tí kò bá sí àlejò, tíréè yẹn kì í lọ sẹ́yìn fíríìjì. Orí tábìlì àárín pálọ̀ ló ń gbé. Pálọ̀ wa kò tóbi. Ẹsẹ̀ mẹ́ta, o ti dé ìdí tẹlifíṣọ̀n. Orí tábìlì yẹn ni gbogbo nǹkan ilé máa ń sùn: rìmóòtù méjì, kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà, tẹ̀sùbáà ọkọ mi, awò ojú wọn, bíró tí kò kọ̀wé mọ́, oògùn ikọ́ ọmọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń pariwo pé ilé rí játijàti. Lọ́jọ́ kan mo kó gbogbo wọn sórí tíréè, n kò fi ọ̀kan kún un, n kò yọ ọ̀kan kúrò. Ọkọ mi wọlé dé nírọ̀lẹ́, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n ní, "Ṣé o kun ilé ni?"

N kò kun nǹkan kan. Rìmóòtù tó wà lórí tábìlì, ẹnì kan ló gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Tó bá ti wà lórí tíréè, ẹnì kan ló fi í síbẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo fi ìkòkò amọ̀ kékeré kan tó ní ewéko kún un, kí nǹkan kan lè ga níbẹ̀, torí gbogbo tó kù ló dùbúlẹ̀. Mo sì máa ń fi bí ìdá mẹ́ta tíréè sílẹ̀ lófìfo, kí ẹni tó bá ní kọ́ọ̀bù tíì lọ́wọ́ lè rí ibi gbé e sí.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ má rẹ tíréè igi sínú omi. Ẹ nù ún, ẹ gbé e nàró kó gbẹ. Ẹ má fi òróró ẹ̀pà tí ẹ fi ń dín nǹkan pa á lára, mo ti ṣe é rí, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni kíṣìnì ń rùn bí ẹ̀pà tó ti kan. Idẹ ń fẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀, ẹ fi ra á, ẹ ṣan án kíá, ẹ nù ún gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má gé ọsàn tàbí tòmátì sórí idẹ lásán kí ẹ gbé e fún èèyàn jẹ. Omi kíkan máa ń yọ nǹkan lára idẹ, ẹ jẹ́ kí àwo wà láàárín. Àwọn ọmọbìnrin tó ń da rẹ́sìn, oje tó máa ń dì bíi dígí, báyìí ń ṣe tíréè tó dà bí omi òkun tó dì, ojú mi kì í kúrò lára rẹ̀, àmọ́ ẹ má gbé ìkòkò gbígbóná lé e, ó máa fi òrùka ìdí rẹ̀ síbẹ̀ títí láé.

Ìlú tiwa yìí ló yẹ kí tíréè tó dára pọ̀ sí jù. Ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, ṣí Mbárí Mbáyọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, síbí. Mbari jẹ́ orúkọ tó ti èdè Ìgbò wá, àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ ní tiwọn: bí mo bá rí i, mà á yọ̀. Láti àsìkò náà ni àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán, tí wọ́n ń to ìlẹ̀kẹ̀, tí wọ́n ń lu irin, títí ayé fi gbọ́. Jimoh Buraimoh to ìlẹ̀kẹ̀ di àwòrán. Àṣírù Ọlátúndé, alágbẹ̀dẹ, lu ìtàn sára páànù pẹlẹbẹ. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó wà létí tíréè tí a fi ń gbé omi fún àlejò. Mo sọ ọ́ fún agbẹ́gilére tó ta ìjàpá fún mi, pé kó gbẹ́ etí kó fi àárín sílẹ̀. Ó ní ara ògiri ni àwọn oníbàárà òun ń gbé tiwọn kọ́, wọn kì í gbé nǹkan lé e, àárín ni ojú wọn sì ń kọ́kọ́ wò. Òótọ́ ló sọ, n kò rí èsì fún un. Mo kàn sọ fún un pé ọba wa tẹ́wọ́ lásán gba ẹja lọ́wọ́ Ọ̀ṣun, ibẹ̀ ni oyè Atáọ́ja ti wá, àwa tó kù ló nílò nǹkan tí a máa fi gbà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí n mú owó ìdókòwò wá.

Nígbà Iléyá tó kọjá, mo gbé ẹran ránṣẹ́ sí Màmá Tóbi, ará ilé kejì wa. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, àwa náà ń jẹ ìrẹsì Kérésì wọn. Ọmọ mi ló sáré mú tíréè, tíréè adìrẹ ló sì mú, mo ti rí i lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó lè pariwo. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, tíréè ò padà. Orí tábìlì pálọ̀ tún ti di ìdọ̀tí. Ẹ sì mọ̀ pé n kò lè ní kí ọmọ lọ gbà á wá. A kì í dá àwo padà lófìfo, ẹni tó bá ní kí wọ́n dá àwo òun padà ti tọrọ oúnjẹ nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lọ́jọ́ Sátidé, Tóbi kan ilẹ̀kùn. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e, ó kúnlẹ̀. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ eléwé mẹ́jọ ló wà lórí rẹ̀, ó ṣì ń yọ oòru. Wọ́n to gbogbo rẹ̀ yí etí ká, wọ́n fi àárín sílẹ̀ gbalasa.

Mo ní, "Tóbi, kí ló dé tí ẹ ò to wọ́n sí àárín?"

Ó ní, "Màmá mi ní àwọn ò lè gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ gbígbóná lé adìrẹ àwọn àgbà lójú, mà."